Ìròyìn Tí Bàbá Mi Kọ Kí Fèrè Tó Dún

Aránṣọ ni bàbá mi. Jíbrílù Àyìndé ni orúkọ wọn, ṣùgbọ́n ní gbogbo Ìsàlẹ̀ Gángan, kò sí ẹni tó ń pè wọ́n ní Jíbrílù àfi Ìyá Àgbà tó ni ilé tí à ń gbé. Akọ̀wé ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Tí ẹnì kan bá gbé ṣòkòtò wá kí wọ́n bá a dín in ní ìdí, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, yóò ní, "Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló máa jẹ lọ́la?" Bàbá mi yóò kọ́kọ́ yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu kí wọ́n tó dáhùn, nítorí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ há ẹnu sọ.

Ohun tó sọ wọ́n di Akọ̀wé ni pé wọ́n ń kọ ìròyìn bọ́ọ̀lù fún ìwé ìròyìn Yorùbá kan tó ń jáde láràárọ̀ Sátidé, èyí tí wọ́n ń pè ní Ìròyìn Erékùṣù. Kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fi ń bọ́ wa. Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ti wá kọ́ṣẹ́ l'Ékòó nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ìwé mẹ́fà ni wọ́n kà, orí máṣìnì ni oúnjẹ wa sì ti ń wá. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn yẹn ló ń jẹ́ kí àwọn àgbààgbà ilé máa sún fún wọn lórí bẹ́ǹṣì. Ní pápá ìṣeré Oníkan, wọ́n ní ìjókòó tiwọn lábẹ́ ibòji, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn oníròyìn rédíò. Ẹ̀wù funfun kan tí wọ́n rán fúnra wọn ni wọ́n máa ń wọ̀ lọ, ó ní àpò mẹ́rin: ọ̀kan fún bírò, ọ̀kan fún ìwé, méjì yòókù fún ẹ̀pà.

Mo ní láti sọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìròyìn náà, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Ṣómólú, ní òdìkejì ọ̀sà, ni wọ́n ti ń tẹ ìwé ìròyìn wọn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n sì máa ń gbá bọ́ọ̀lù tó bá ṣe pàtàkì láàárín àdúgbò, lẹ́yìn tí àwọn èèyàn bá ti kírun Jímọ̀ tán, ìrọ̀lẹ́ yẹn kan náà ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tẹlifóònù ò sí nílé wa, èyí tó wà nítòsí pápá sì ti kú tipẹ́. Nítorí náà, bàbá mi bá awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Àkàndé ṣe àdéhùn. Bọ́ọ̀sì rẹ̀ máa ń gbéra láti Obalende lọ sí Ṣómólú nírọ̀lẹ́. Tí bọ́ọ̀lù bá ti parí, bàbá mi yóò sáré láti Oníkan dé Obalende, wọn yóò fi ìròyìn lé Àkàndé lọ́wọ́, òun náà yóò sì lọ fi lé atẹ̀wé lọ́wọ́. Àkàndé kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Kí iṣẹ́ lè yá, bí bàbá mi ṣe ń gé aṣọ ni wọ́n ṣe ń kọ ìròyìn. Aránṣọ tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ lè má dúró de oníbàárà kó tó gé aṣọ rẹ̀. Yóò fi ojú wọ̀n ọ́n, yóò gé e, yóò sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, bóyá ẹni náà ti sanra sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá mi ti máa ń kọ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ìròyìn sílẹ̀ láti àárọ̀ Jímọ̀: bí èrò ṣe pọ̀ tó, bí oòrùn ṣe mú tó, bí balógun ẹgbẹ́ tó jáwé olúborí ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ àwọn òbí. Àárín nìkan ni wọn yóò fi sílẹ̀ fún góòlù.

Màmá mi máa ń ta òwú àti bọ́tìnnì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yẹn. Lọ́jọ́ kan wọ́n bèèrè pé, "Bàbá Àdíját, ẹ ti mọ ohun tí balógun máa sọ lẹ́nu?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Mùtíátù, balógun wo lo gbọ́ rí tó sọ nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí pé Ọlọ́run ló ṣe é?"

"Ó dáa," màmá mi ní. "Ẹ ṣáà rántí agbádá Alájì Jimoh."

Agbádá Alájì Jimoh, tí wọ́n fi ojú gé, wọ Alájì bí ẹ̀wù ọmọ ilé kéú.

Ọdún tí wọ́n parí afárá Tọ́ọ̀dì Méńláǹdì dé Adéníji Adélé ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́ Ìsàlẹ̀ Gángan bá ti Obalende pàdé nínú àṣekágbá ife ẹ̀yẹ àdúgbò. Ilé wa ni aṣọ́lé Ìsàlẹ̀ Gángan ń gbé. Ṣàíbù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ-ọmọ Ìyá Àgbà ni, ó ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Ó ga débi pé ó ní láti tẹrí ba kó tó lè wọ yàrá ìyá rẹ̀ àgbà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bíi tèmi. Bàbá mi ló rán ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tó fi ń ṣọ́lé, wọ́n fi fóòmù sí ìgúnpá rẹ̀ méjèèjì kó má baà máa fi ara bó. Wọ́n ti sọ fún Ṣàíbù pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Apápá ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ rán èèyàn wá wò ó nínú àṣekágbá náà. Ohun kan ṣoṣo tó ń retí nìyẹn. Ìyá Àgbà a máa fi í sínú àdúà lẹ́yìn gbogbo ìrun.

N kò sí ní pápá lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo fẹ́ kọ yìí ni ohun tí bàbá mi fúnra wọn sọ lórí bẹ́ǹṣì lójú gbogbo wa.

Wọ́n ní ọ̀gbẹ́ni pàtàkì tí wọ́n pè láti wá ṣí eré náà ló pẹ́ dé, nítorí náà bọ́ọ̀lù ò tètè bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀, àwọn tiwa gbá góòlù méjì wọlé kí wọ́n tó lọ fún ìsinmi. Ní abala kejì, Obalende rí pẹ́náritì gbà, Ṣàíbù sì mú un. Ó fò, ó mú un sínú ọwọ́ méjèèjì bí ẹni mú àkàrà. Bàbá mi wo oòrùn, wọ́n wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n mọ̀ pé Àkàndé yóò ti máa pe èrò. Wọ́n bá fa ìwé yọ, wọ́n dí àyè tó wà láàárín. Wọ́n kọ góòlù méjì sí òdo. Wọ́n kọ ọ́ pé, "Ṣàíbù, ògiri Ìsàlẹ̀ Gángan, kò jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kan rí ojú àwọ̀n."

Oníròyìn rédíò tó jókòó tì wọ́n ní, "Akọ̀wé, rẹfirí ò tíì fọn fèrè o."

"Kí ló tún kù?" bàbá mi dá a lóhùn. "Ẹ bá mi wo ìyókù, mò ń bọ̀."

Wọ́n sáré dé Obalende, wọ́n bá Àkàndé tó ti jókòó sídìí ọkọ̀, wọ́n fi ìwé náà lé e lọ́wọ́. Wọ́n wá ń rọra rìn padà. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n gbọ́ ariwo ńlá láti inú pápá. Wọ́n ní àwọn rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí àwọn rò pé ariwo tiwa ni. Ìgbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n rí i pé àwọn aláṣọ òfééfèé Obalende ló ń jó. Ṣàíbù jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òpó góòlù, ó fi ìbọ̀wọ́ rẹ̀ bo orí. Láàárín ìgbà tí bàbá mi fi lọ tí wọ́n fi bọ̀, Obalende ti gbá mẹ́ta wọlé.

Bàbá mi tún sáré padà sí Obalende. Bọ́ọ̀sì Àkàndé ti lọ. Bọ́ọ̀sì mìíràn wà níbẹ̀, agbèrò rẹ̀ ń pe, "Ṣómólú, ẹnì kan ṣoṣo ló kù," ó sì ń wo bàbá mi lójú. Wọn ò wọ̀ ọ́. Wọ́n ní àwọn ò mọ ohun tó dá àwọn dúró. Wọ́n ní àwọn ń rò ó pé bóyá ọkọ̀ Àkàndé máa bàjẹ́ lójú ọ̀nà, bóyá NEPA máa mú iná lọ ní Ṣómólú, bóyá olóòtú máa gbọ́ èsì láti orí rédíò. Agbèrò yẹn rí ẹlòmíràn, bọ́ọ̀sì náà sì lọ. Bàbá mi fi ẹsẹ̀ rìn wálé.

Ìyẹn ni apá tí wọ́n sọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé, èmi náà rí i.

Ilé wa dà bí ilé tí wọ́n ti ṣòfò. Ṣàíbù ti wọlé lọ, ó ti tilẹ̀kùn. Ìyá Àgbà jókòó lórí àga wọn lẹ́nu ọ̀nà, tẹ̀sùbáà ń yí lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí bàbá mi fẹ́ kọjá, Ìyá Àgbà dá wọn dúró.

"Jíbrílù, kí lo máa kọ nípa ọmọ mi?"

"Ohun tí ojú mi bá rí ni, Ìyá."

"Mo mọ̀. N kò ní kó o purọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti na ọmọ níta, a kì í tún nà án nílé. Rọra kọ ọ́."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá," bàbá mi ní.

Wọ́n wọlé, wọ́n ṣan ọwọ́, wọ́n bu òkèlè ẹ̀bà kan, wọn ò gbé e dé ẹnu. Màmá mi wò wọ́n títí, wọ́n wá fi abọ́ bo oúnjẹ náà.

Ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n rán mi níṣẹ́ búrẹ́dì ní ọ̀nà Adéníji. Olùtàwé ìròyìn tó ń dúró níbẹ̀ mọ̀ mí. Ó na ìwé kan sí mi kí n tó kí i tán.

"Ọmọ Akọ̀wé, ẹ kú oríire o. Mú u lọ, ti yín nìyẹn. Ẹni tó gba ife ò gbọdọ̀ ra ìwé."

Mo wo ojú ewé ẹ̀yìn. Lẹ́tà ńláńlá ni wọ́n fi kọ ọ́: ÌSÀLẸ̀ GÁNGAN GBA IFE. Orúkọ bàbá mi wà lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, ògiri, àwọ̀n, àti balógun tó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ká ìwé náà sínú ìbòrí mi bí ẹni pé èyí tó wà lọ́wọ́ mi nìkan ni wọ́n tẹ̀. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, bàbá mi rí i lójú mi. Wọn ò ní kí n mú un wá. Wọ́n ń tẹ máṣìnì lọ, mo sì rí i pé kò sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn ọmọkùnrin Obalende dé. Wọ́n pọ̀, wọ́n wọ ẹ̀wù òfééfèé wọn, wọ́n sì ń rọra rìn bí àwọn tó ń mú ẹrù ìyàwó bọ̀. Ẹni tó wà níwájú gbé ife kan lọ́wọ́. Ìwé ìròyìn ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n ká a, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, wọ́n ṣe etí méjì fún un. Wọ́n dúró síwájú ilé wa.

"Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ilé. A gbé ife yín wá."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e síta o," ẹlòmíràn ní. "Tí òjò bá pa á, ó ti di ti Obalende nìyẹn."

"Níbo ni ògiri wà? Ó ti rẹ̀ wá lẹ́sẹ̀, a fẹ́ fara tì í."

Àwọn èèyàn ti ń jáde láti ojúlé sí ojúlé. Àwọn tiwa náà wà nínú àwọn tó rẹ́rìn-ín, mo rí wọn. Ṣàíbù jáde. Mo rò pé yóò jà, nítorí ó ga ju gbogbo wọn lọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ife náà, ó ní, "Ẹ ṣé," ó sì gbé e wọlé. Ìyẹn pa àwọn ọmọ Obalende lẹ́nu mọ́. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n sì lọ.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni Ṣàíbù wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ti fọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé náà, ó ká a dáadáa, ó gbé e ka orí tábìlì ìgéṣọ.

"Ẹ ṣé é, sà. Ẹ lè fi rán nǹkan mìíràn."

"Ṣàíbù," bàbá mi ní.

"Wọ́n ní èmi ni mo bẹ̀ yín kí ẹ kọ ọ́, sà. Torí pé ilé kan náà là ń gbé. Ẹni tó wá láti Apápá ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní ó ní àwọn kì í mú agbábọ́ọ̀lù inú ìwé."

Ó kí màmá mi, ó sì jáde. Bàbá mi fi ẹ̀wù náà kọ́ orí ìṣó. Wọn ò lè wò ó, wọn ò sì lè gbé e pamọ́.

Ó jẹ́ àṣà ilé wa pé ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Alásárì, bàbá mi máa ń ka ìwé ìròyìn fún àwọn àgbà lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé. Púpọ̀ nínú wọn mọ Kùránì kà dáadáa, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ìwé Yorùbá kà. Lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó rò pé bàbá mi máa jáde. Wọ́n jáde. Ìwé náà wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ká a ní ìdajì.

"Jíbrílù, kà á," Ìyá Àgbà ní.

"Ìyá, ẹ ti gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀."

"Ẹnu àwọn ọmọ Obalende ni mo ti gbọ́ ọ. N kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ."

Bàbá mi bá kà á. Wọ́n kà á bí wọ́n ṣe ń ka gbogbo ìròyìn, wọn ò fo ìlà kan. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí balógun ti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí, bàbá balógun fúnra rẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì. Ó húkọ́, ó sì wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí bàbá mi kà á tán, wọ́n sọ gbogbo ohun tí mo ti kọ sókè yìí, títí kan ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì kejì tí wọn ò wọ̀. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì yẹn, kò sí ẹni tó bi wọ́n. Wọn ì bá má sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, wọ́n dìde, wọ́n ṣí fìlà. Ṣàíbù wà ní ẹnu ọ̀nà, ó fara ti òpó. Bàbá mi rìn lọ síwájú rẹ̀, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyẹ̀pẹ̀.

Gbogbo wa mọ̀ pé àgbà kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé. Ẹrù tó wúwo ni fún ọmọ tí wọ́n bá ṣe é fún. Ṣàíbù ò jẹ́ kó pẹ́, ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀, òun náà dọ̀bálẹ̀. Bí àwọn méjèèjì ṣe wà nílẹ̀ nìyẹn, orí kọjú sí orí. Bàbá mi ò lè dìde, nítorí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ò tíì ní kí wọ́n dìde. Ṣàíbù ò lè sọ fún àgbàlagbà pé kó dìde, kò sì lè dìde nígbà tí àgbà ṣì wà nílẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ kọjá dúró, ó ń wò wọ́n. Mo rí àtẹ́lẹsẹ̀ bàbá mi, pẹ̀lú òwú pupa kan tó lẹ̀ mọ́ ọn. N kò tíì rí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn báyìí rí lójú gbogbo ayé. Mo wo ilẹ̀.

Ìyá Àgbà ló fọhùn. "Ẹ dìde, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ ń fi aṣọ gbálẹ̀ fún mi."

Wọ́n dìde. Bàbá mi fẹ́ máa bẹ̀bẹ̀ lọ, Ìyá Àgbà sì gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ̀bẹ̀ yẹn dáa, a ti rí i. Ṣùgbọ́n ibi tí bẹ́ǹṣì yìí mọ ló dé. Kò dé Obalende, kò dé Apápá. Ìwé ló ba orúkọ ọmọ mi jẹ́, Jíbrílù. Ìwé náà ni kó tún un ṣe."

Ní ọjọ́ Ajé, bàbá àti màmá mi wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣómólú láti lọ rí olóòtú ìwé ìròyìn náà. Ilé ìwé ni èmi lọ. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Bùkọ́lá, tí ilé wọn wà ní Obalende, jókòó níwájú mi ní kíláàsì. Ó yí ọrùn padà kí tíṣà tó wọlé.

"Àdíját, jọ̀ọ́, bá mi bi bàbá rẹ. Ìdánwò ìṣirò wa tó ń bọ̀, ṣé wọ́n ti kọ èsì rẹ̀? Èló ni mo gbà?"

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ó ṣe mí bíi kí n rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, kó lè dà bí ẹni pé kì í ṣe bàbá mi.

Màmá mi ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ṣómólú fún mi. Wọ́n ní olóòtú náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó fún wọn ní àga, ó sì rọra sọ̀rọ̀.

"Akọ̀wé, ta ló ń ka àtúnṣe? Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á ti gbàgbé."

"Ọmọ náà ò ní gbàgbé, sà."

"A lè sọ pé atẹ̀wé ló ṣì í tẹ̀. Ìyẹn á tán an."

Màmá mi ní àwọn gan-an fẹ́ kí bàbá mi gbà. Ṣùgbọ́n bàbá mi ní, "Atẹ̀wé ò mọ nǹkan kan. Tí ẹ bá ní atẹ̀wé ló ṣì í, wọ́n á ṣì máa sọ pé Ṣàíbù ló bẹ̀ mí."

"Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ jáde pé ẹ ti kọ ìròyìn kí eré tó parí, Akọ̀wé, n kò ní lè gba ìròyìn lọ́wọ́ yín mọ́. Ta ló máa gbà á gbọ́?"

"Mo mọ̀, sà."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́, lórí tábìlì olóòtú. Ó jáde ní Sátidé, lábẹ́ ìpolówó ọṣẹ kan tó tóbi jù ú lọ fíìfíì. Báyìí ni wọ́n kọ ọ́:

"Ìsàlẹ̀ Gángan kò gba ife. Obalende ló gbà á pẹ̀lú góòlù mẹ́ta sí méjì. Èmi Jíbrílù Àyìndé, tí mo kọ ìròyìn ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ti kúrò ní pápá kí rẹfirí tó fọn fèrè. N kò bá balógun kankan sọ̀rọ̀. Ṣàíbù tó ṣọ́lé kò mọ ohun tí mo kọ, kò sì bẹ̀ mí. Ó mú pẹ́náritì kan. Mo rí ìyẹn."

Bàbá mi ka èyí náà lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí wọ́n kà á tán, Ìyá Àgbà ní kí wọ́n tún ibi tí pẹ́náritì wà kà, wọ́n sì tún un kà. Ṣàíbù ò sí níta, ṣùgbọ́n fèrèsé yàrá wọn wà ní ṣíṣí.

Bùkọ́lá mú ìwé náà wá sí kíláàsì, ó ka èyí náà sókè. N kò mọ èyí tó tì mí lójú jù nínú ìròyìn méjèèjì. Pẹ̀lú èyí àkọ́kọ́, mo ṣì lè sọ fún ara mi pé wọ́n kàn ṣèèṣì ni. Èyí kejì, bàbá mi ló fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ pé àwọn ti kúrò níbẹ̀.

Àwọn ará Apápá ò wá mọ́. Ẹ̀wù aláwọ̀ ewé náà wà lórí ìṣó ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku ọyẹ́ bò ó. Bàbá mi a máa gbọ̀n ọ́n, wọn a sì tún dá a padà síbẹ̀. Nígbà tí òjò ọdún tuntun bẹ̀rẹ̀, mo ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí i pé ìṣó ṣófo. Mo bi màmá mi. Wọ́n ní Ṣàíbù ló wá mú un, ó kí àwọn, ó sì kí bàbá mi bí èèyàn ṣe ń kí aránṣọ. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn èèyàn ṣì ń pe bàbá mi ní Akọ̀wé. Àwọn kan ń pe orúkọ náà bíi ti tẹ́lẹ̀, àwọn kan sì máa ń dánu dúró díẹ̀ kí wọ́n tó pè é. Wọ́n ṣì ń ka ìwé ìròyìn fún àwọn àgbà, ìròyìn tí ẹlòmíràn kọ. Wọ́n ṣì ń lọ sí Oníkan pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kò sí ìjókòó fún wọn lábẹ́ ibòji mọ́, ojú oòrùn ni wọ́n ń jókòó sí pẹ̀lú àwa yòókù.

Nígbà tí Ìsàlẹ̀ Gángan tún gbá bọ́ọ̀lù, mo bá wọn lọ. Àwọn tiwa ti gbá mẹ́rin wọlé, ẹni kejì ò ní ìkankan. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, àwọn èèyàn sì ń dìde ní méjì méjì, wọ́n ń fi ọ̀rá bo orí. Ọkùnrin kan láti àdúgbò wa fọwọ́ kan èjìká bàbá mi bó ṣe ń sáré kọjá.

"Akọ̀wé, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ó ti tán."

"Kò tíì tán," bàbá mi ní.

Ọkùnrin náà wo ẹnì kejì rẹ̀. "Wọ́n ń ṣọ́ rẹfirí," ó ní, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dé abẹ́ òrùlé. Láti ibẹ̀ wọ́n ń nawọ́ sí wa, wọ́n ń fi wá han àwọn ẹlòmíràn.

Ẹ̀wù funfun bàbá mi ti lẹ̀ mọ́ wọn lára, mo rí ẹ̀pà tó ti rin nínú àpò rẹ̀. Àwa méjì nìkan ló kù ní ọ̀wọ́ ìjókòó wa. Ní iwájú góòlù, Ṣàíbù wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé rẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀. Ó wo apá ọ̀dọ̀ wa fún ìgbà díẹ̀, ó sì yí ojú padà sí ibi tí bọ́ọ̀lù wà. Ó wù mí kí n sá lọ sí abẹ́ òrùlé, kí n dúró láàárín èrò níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Mo fi báàgì ìwé mi bo orí. Ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n n kò dìde títí rẹfirí fi fọn fèrè.